Ìyá Àgbà Tó Ń Jẹun Kọjú sí Ògiri

Nígbà tí Ìyá Àgbà jáde láyé, àwọn ẹbí wa kan wá láti Ìlọrin láti bá wa kẹ́dùn. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ wa ní ìgboro Lọ́kọ́ja, wọ́n ń nu ojú, wọ́n sì ń sọ irú ẹni tí olóògbé jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá arúgbó kan tí òun àti Ìyá Àgbà jọ lọ sí Mẹ́kà láyé ọjọ́sí, tiẹ̀ bú sẹ́kún gidi. Ó ní, "Àlájà mi tí kò mọ oúnjẹ í jẹ! Bí ẹyẹ ni wọ́n ń ṣá a. Àwẹ̀ ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn gbà." Àwọn ará Ìlọrin mi orí, wọ́n ní òtítọ́ ni. Àwọn ará Lọ́kọ́ja tó wà níbẹ̀ ò mi orí. Ẹnìkan wúkọ́. Obìnrin kan fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn àlejò sì rò pé ẹkún ló ń sun. Mo wo bàbá mi, bàbá mi wo ilẹ̀, mo sì rí i pé bí mi ò bá tètè jáde, èmi àti bàbá mi yóò dójú ti gbogbo ilé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ èyí, kí àwọn ará Ìlọrin náà lè mọ ẹni tí wọ́n ń sunkún. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ilé oúnjẹ gidi kan ní Lọ́kọ́ja tí Ìyá Àgbà ò mọ orúkọ ẹni tó ń dáná níbẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí iyán ti ń kúnná, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń bu omi la ọbẹ̀ bí èrò bá ti pọ̀. Bí ẹ bá di ojú wọn, tí ẹ fi ẹja àrọ̀ yíyan sí wọn lẹ́nu, wọn á sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ti rà á létí odò. Àdánù ńlá ni ikú wọn jẹ́ fún mi, àdánù ńlá ló sì jẹ́ fún àwọn tó ń ta oúnjẹ ní ìlú yìí.

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọmọ wọn. Kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Otokiti, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ikùn mi léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, yóò ní ọ̀jẹun kiri ni mí. Ọjọ́ Sátidé kì í bá mi nílé. Bí ẹ ò bá rí mi lọ́dọ̀ obìnrin Hausa tó ń dín màsà láàárọ̀, ẹ wá mi lọ sí Lokongoma, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń dúró de iyán. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, etí odò ni mo wà, mò ń wo bí wọ́n ṣe ń yí ẹja lórí iná. Ohun tí mo bá jẹ, màá ya fọ́tò rẹ̀, màá gbé e sórí fóònù, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè mọ ibi tó yẹ kí wọ́n lọ àti ibi tó yẹ kí wọ́n sá fún. Mo rò pé èmi nìkan ni ọ̀fun ń dà láàmú nínú ilé wa. Mi ò mọ̀ pé mo jogún rẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí mo mọ̀ ni ọjọ́ tí mo mú Ìyá Àgbà lọ yẹ ojú wò. Nígbà tí a ń bọ̀, òjò ká wa mọ́ inú kẹ̀kẹ́ ní Lokongoma. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ ní òun ò ríran mọ́, ó já wa sílẹ̀ níwájú ilé oúnjẹ kan, òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì ń ti inú ibẹ̀ jáde wá pàdé wa. Ìyá Àgbà dúró lábẹ́ òrùlé, wọn ò wo ọ̀tún, wọn ò wo òsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ilé oníṣòwò ni wọ́n ti bí wọn, àwọn tó ti Ìlọrin wá tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja tipẹ́tipẹ́. Ìyá tó bí wọn ti kọ́ wọn láti kékeré pé ọmọbìnrin ilé rere kì í jẹun níta. Kó má jẹ ẹ̀pà lójú ọ̀nà, kó má mu omi ní ìdúró, kí ẹnikẹ́ni má rí eyín rẹ̀ tó ń gé ẹran. Òfin yìí ni gbogbo obìnrin ilé wa bá. Bàbá mi, tí òfin ò tiẹ̀ kàn, ló wá gbá a mọ́ra jù. Aṣọ ni bàbá mi ń tà lọ́jà, wọ́n sì wà lára àwọn tó ń jókòó síwájú ní mọ́sáláṣí. Bí wọ́n bá rí obìnrin tó ń jẹ àgbàdo lójú títì, gbogbo ọjọ́ náà ni wọ́n máa fi ń sọ ọ́.

Mo ní, "Ìyá, ṣé kí á wọlé?"

Wọ́n ní, "Òjò ló lé wa wọlé o, Àbẹ̀kẹ́. Kì í ṣe ọbẹ̀."

Bí a ṣe wọlé, mo fa àga tó kọjú síta fún wọn. Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n lọ gbé ọ̀kan tó wà nígun, wọ́n yí i padà, wọ́n jókòó, wọ́n sì kẹ́yìn sí gbogbo èèyàn. Imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà ara ògiri. Nígbà tí iyán dé, mi ò rí nǹkan kan àfi ìgúnpá wọn tó ń lọ tó ń bọ̀. Mo dúró kí wọ́n jẹ díẹ̀ kí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Abọ́ òfìfo ni wọ́n nà sẹ́yìn sí mi.

Mo ní, "Ìyá, òfin ilé wa ńkọ́?"

Wọ́n dá mi lóhùn láìyíjú padà: "Ìyá mi ní kí n má jẹun níta. Ògiri ni mò ń wò yìí. Ẹni tó ń wo ògiri ò sí níta."

Láti ọjọ́ náà, ojú Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Èmi ni mo ń mú wọn lọ. Bàbá mi ń ṣàdúrà fún mi pé ọmọ tó ń tọ́jú àgbà, àgbà yóò kàn án. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, bàbá mi ní, "Ojú tí ẹ ń tọ́jú báyìí, ó yẹ kó ti máa rí Mẹ́kà láti ibí."

Ìyá Àgbà ní àṣà kan tó máa ń dójú tì mí nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í jẹ oúnjẹ ẹni tí wọn ò kí. Bí a bá ti jókòó, wọ́n á dìde, wọ́n á tẹ̀lé òórùn lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n á sì di ọwọ́ ẹni tó ń dáná mú. Bó bá jẹ́ Hausa, wọ́n á ní "Sànnú dà àìkì." Bó bá jẹ́ ará Okun, "Okun o!" ni wọ́n á fi wọlé, bí ẹni pé Kàbà ni wọ́n dàgbà sí. Ìgálà àti Ẹ̀bìrà tí wọ́n gbọ́ ò ju ìkíni lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á fi ọwọ́ àti ẹ̀rín sọ ìyókù. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó padà sídìí ògiri wọn.

Ní ibì kan ní Lokongoma tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, mánéjà tó so táì mọ́rùn sáré dí wọn lọ́nà. Ó ní, "Mama, customer no dey enter kitchen."

Ìyá Àgbà yíjú sí mi. "Kí ló wí?"

"Ó ní kọ́sítómà kì í wọ ilé ìdáná."

"Sọ fún un pé èmi kì í ṣe kọ́sítómà. Àlejò ni mí. Ta ló ń jẹun nílé èèyàn láìkí ìyá ilé?"

Mo sọ ọ́. Ọkùnrin náà wò mí, ó wò wọ́n, ó sì kúrò lọ́nà. Nígbà tí a tún máa padà débẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná fún wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n o. Ìyá Àgbà lè jà. Wọ́n bá ọkùnrin kan tó ń yan ẹja létí odò jà nítorí pé ó fi ẹja sórí iná títí ó fi gbẹ. Wọ́n gba igi tó fi ń yí ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹja mi ni." Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ó ti kú ná, kí ló dé tí o tún ń fìyà jẹ ẹ́?" Wọ́n bá ṣàwámà náà jà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rà á fún wọn, wọ́n gbé e lọ́wọ́, wọ́n yí i po, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u lórí tábìlì. Wọ́n kó ẹran sọ́tọ̀, wọ́n kó ewé sọ́tọ̀, wọ́n ká búrẹ́dì pẹlẹbẹ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ ń wò wá. Mo ní, "Ìyá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń jẹ ẹ́." Wọ́n ní, "Mo fẹ́ mọ ẹni tó wà nínú ilé kí n tó wọlé."

Ìjà tí èmi àti Ìyá Àgbà ń jà ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti fọ́tò. Oúnjẹ á dé, màá ní kí wọ́n dúró kí n yà á ná, wọ́n á sì máa wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ta lò ń yà á fún?"

"Àwọn èèyàn ni, Ìyá."

"Ṣé wọ́n á rí i jẹ?"

"Rárá. Wọ́n á kàn rí i ni."

Wọ́n mi orí. "Ìkà ni ọ́, Àbẹ̀kẹ́. Fífi oúnjẹ han ẹni tí o ò ní fún jẹ, Ọlọ́run á bi ọ́."

Wọn ò sì dúró rí. Nínú gbogbo fọ́tò oúnjẹ tí mo ní lórí fóònù mi, ọwọ́ Ìyá Àgbà wà nínú rẹ̀, òrùka fàdákà wọn ń tàn, wọ́n ń mú ẹran. Tẹ́lẹ̀, inú máa ń bí mi, màá gé ọwọ́ náà kúrò kí n tó gbé fọ́tò jáde. Ní báyìí mo máa ń tú fọ́tò wọ̀nyẹn wò lọ́sàn-án gangan níbi iṣẹ́, tí ẹkún á sì gbọ̀n mí lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mi ò wo ẹran náà mọ́. Ọwọ́ yẹn ni mò ń wò.

Nílé, wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá dé ní ọjọ́ Sátidé, ìyá mi á gbé tùwó àti ọbẹ̀ kúkà wá, Ìyá Àgbà á fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní ó ti tó, Alihamdulilai. Ẹ̀rù ba bàbá mi. Wọ́n ní ìyá àwọn ò jẹun mọ́, pé bí àgbà bá ti ń kọ oúnjẹ, ó ti ń múra ilé nìyẹn. Wọ́n gbé Ìyá Àgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà, èmi náà tẹ̀ lé wọn, ọkàn mi ò balẹ̀. Dókítà gbé wọn sórí ìwọ̀n. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyá yín ò rù rárá. Wọ́n tiẹ̀ sanra ju bí wọ́n ṣe wá nígbà tó kọjá." Bàbá mi tẹ̀ síwájú lọ wo ìwọ̀n náà fúnra wọn. Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n jẹ́jẹ́, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n sì sọ fún bàbá mi pé, "Súlè, ẹni tí Ọlọ́run bá ń bọ́ kì í rù."

Ibi tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ilé oúnjẹ Ojoma ní Gadumo. Ọmọ Ìgálà ni Ojoma, ó ti Idah wá, kò sì tíì ju ẹgbẹ́ mi lọ. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ló gbà, tábìlì díẹ̀ níwájú, ilé ìdáná lẹ́yìn, fèrèsé kan tó ṣí sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Ọbẹ̀ ata ẹja tútù ló ń sè, ẹ ẹ́ mu ún tán, omi á máa bọ́ lójú yín, ẹ ẹ́ sì máa na abọ́ fún òmíràn. Orí ẹja ni ti Ìyá Àgbà. Ojoma kì í tà á fún ẹlòmíràn bó bá ti di Sátidé.

Ohun kan wà tí wọn kì í ṣe níbòmíràn àfi lọ́dọ̀ Ojoma. Nínú ilé wa, bí ìkòkò bá ti hó láàárọ̀, ìyá tó dàgbà jù nínú ilé ló ń ṣí i. Á tẹ̀ síwájú, á ka Fátíhà wúyẹ́wúyẹ́, á sì fẹ́ èémí rẹ̀ sórí ooru ọbẹ̀, kí oúnjẹ náà lè kárí, kó má sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ìkòkò ilé ẹni nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà ṣí ìkòkò Ojoma tí wọ́n kà á sí i, mo mọ̀ pé ọmọ Ìgálà yìí ti di ọmọ ilé wa. Ojoma, tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, á bo orí rẹ̀, á sì ṣe "Àmín" sókè ju tèmi lọ.

Ẹnìkan tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló fi fóònù ká a. A ò mọ ẹni náà títí di òní. Fídíò náà ò gùn. Ẹ̀yìn obìnrin arúgbó kan ni wọ́n ń wò, ó wọ híjáàbù dúdú tí ayọ́ọ̀nù ti jó níbì kan, ó tẹ̀ sórí ìkòkò, orí rẹ̀ ń mì, ó sì fẹ́ nǹkan sínú rẹ̀. Ohùn kan ń sọ lábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe sí oúnjẹ yín ní Gadumo! Ṣé ẹ ti wá rí ìdí tí ẹ ò fi lè jẹun níbòmíràn mọ́?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò sí Wásáàpù tí kò dé. Wọ́n ní oògùn ìfàmọ́ra ni. Àwọn Mùsùlùmí ní wòlíì obìnrin ni, pé ó kàn fi híjáàbù bojú ni. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ìyàwó àfáà ni. Àwọn tó ti ń jẹun níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di ikùn mú, wọ́n ní àwọn náà ti fura, pé kò sí bí ọbẹ̀ lásán ṣe lè dùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Ojoma dá páropáro. Nígbà tí mo débẹ̀, ìkòkò kún, tábìlì ṣófo, òun nìkan ló jókòó.

Ó ní, "Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, I don tire o. Bí oṣù yìí bá parí, mò ń kó ẹrù mi padà sí Idah."

Mo ní, "O ò sọ ẹni tí ìyá yẹn jẹ́ fún wọn?"

"Wọ́n bi mí o. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù gan-an bi mí. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n." Ó wo ilẹ̀. "Màmá no want make people know say dem dey chop for here. Àbí mo parọ́?"

Mo padà sílé, mo wọ yàrá Ìyá Àgbà, mo tilẹ̀kùn, mo sì fi fídíò náà hàn wọ́n. Wọ́n gbé awò ojú wọn wọ̀. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kí n tún un fi hàn wọ́n.

"Àbẹ̀kẹ́."

"Ìyá."

"Ṣé bí ẹ̀yìn mi ṣe tóbi tó nìyẹn?"

Ẹ̀rín pa mí, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ bí Ojoma ṣe jókòó ti ìkòkò, tó sì kọ̀ láti dárúkọ wọn. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n ní, "Kò dárúkọ mi?" Mo ní kò dá a. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n sì ní kí n jáde.

Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Bí wọ́n bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ẹ̀yìn lásán ni wọ́n rí nínú fídíò náà, híjáàbù dúdú sì pọ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ojoma á lọ, ọ̀rọ̀ á tán. Bí wọ́n bá sì sọ̀rọ̀, gbogbo ìlú ló máa gbọ́ pé Àlájà tí wọ́n ń fi ṣe àwòkọ́ṣe fún àwọn ìyàwó ilé ń jẹ orí ẹja ní búkà, ojú á sì ti bàbá mi ní mọ́sáláṣí. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà. Lóòótọ́ ni wọn ò jẹun. Ẹnikẹ́ni ò sì kíyè sí i nílé, torí gbogbo ilé ti gbà pé wọn kì í jẹun. Èmi nìkan lẹ̀rù bà.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Òfin ìyá mi dára, mi ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò ní kí n jẹ oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ tán kí n wá fi ìtìjú lé e lọ́wọ́. Bá mi gbé híjáàbù yẹn wá, èyí tó jó."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí èèyàn pọ̀ lójú ọ̀nà, a dé Gadumo. Ojoma sáré lọ yí àga wọn sí ògiri bó ti máa ń ṣe.

Ìyá Àgbà ní, "Gbé e síta."

"Màmá, oòrùn wà níta."

"Gbé e síta, kí o kọjú rẹ̀ sí títì."

Ojoma kúnlẹ̀. "Màmá, abeg, ẹ má ṣe é. People go see you."

"Ohun tí mo bá wá nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi àgbà, tí kò jẹ ẹ̀pà lójú ọ̀nà rí láyé rẹ̀, ṣe jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú abọ́ orí ẹja lórí itan. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, kí wọ́n tó bù ú. Mo rí i. Wọ́n ní Bísímílà, wọ́n sì fi sẹ́nu. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lọ. Obìnrin kan tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ bàbá mi dúró, ó ní, "Àlájà? Ẹ̀yin kọ́ nìyí?"

Ìyá Àgbà gbé abọ́ sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n sì kẹ́yìn sí gbogbo àwọn tó ti ń péjọ. "Ẹ wò ó dáadáa," ni wọ́n ní. "Ṣé ẹ dá ẹ̀yìn yìí mọ̀? Òun ló wà lórí fóònù yín. Fátíhà ni mò ń kà. Èmi ò mọ oògùn kankan." Wọ́n padà jókòó, wọ́n sì ń bá orí ẹja wọn lọ.

Àwọn èèyàn ń wò. Àwọn kan na fóònù sókè. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò wọlé. Ẹni tó wà lẹ́yìn ń ti ẹni tó wà níwájú, ẹni tó wà níwájú sì ń takú. Ojoma dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé bí èrò yìí bá tú ká báyìí, ó parí fún un.

Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ bàbá mi dé. Ẹnìkan ti pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbádá Jímọ̀ lọ́rùn, ojú wọn le, gbogbo èèyàn sì là sí méjì fún wọn.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Mò ń jẹun. Ó pẹ́ tí o ti ń wá ibi tí mo ti ń jẹun, Súlè. O ti rí i."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín láàárín èrò. Bàbá mi fi ojú wá a, wọn ò rí i. Wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀: "Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Ẹ wo àwọn èèyàn."

Ìyá Àgbà gbé ohùn tiwọn sókè. "Àdúrà tí mò ń kà sí ìkòkò ìyàwó rẹ láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, òun náà ni mo kà sí ti ọmọ yìí. Bó bá jẹ́ oògùn ni, oògùn lo ti ń jẹ láti kékeré. Kí gbogbo ayé wo bí o ṣe rí! Ṣé o jọ ẹni tí oògùn ń bá jà?" Bàbá mi fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà dá a mọ́ wọn lẹ́nu. "Bí o bá mú mi lọ báyìí, wọ́n á ní òótọ́ ni, ọmọ ọlọ́mọ á sì kó lọ nítorí mi. Wẹ ọwọ́ rẹ, kí o jókòó."

Bàbá mi dúró. Wọ́n wo ìyá wọn, wọ́n wo Ojoma tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n wo gbogbo àwọn tí wọ́n jọ kírun. Inú mi dùn sí bàbá mi títí di òní fún ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n ká agbádá wọn sí èjìká, wọ́n na ọwọ́, Ojoma sì da omi lé e. Wọ́n jókòó ti ìyá wọn lójú títì, ní gbangba, wọ́n bu ẹja sẹ́nu. Wọ́n rọra ń jẹ ẹ́. Wọ́n tún bù ú. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níwájú orí wọn.

Obìnrin oníbàárà aṣọ náà ní, "Àlájì, ṣé ó dùn?"

Ẹnu bàbá mi kún, wọn ò lè dáhùn. Wọ́n na abọ́ sí Ojoma fún òmíràn.

Ẹ̀rín bú jáde, ẹsẹ̀ sì ya wọlé. Àwọn tó ń di ikùn mú ló kọ́kọ́ gba tábìlì. Èmi àti Ojoma ń sáré, à ń bu ọbẹ̀, à ń fọ abọ́, àwọn kan ń jẹ ẹ́ ní ìdúró, àwọn kan jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá títì. Nígbà tó yá, Ìyá Àgbà na abọ́ tiwọn síwájú. Ojoma wo inú ìkòkò, ó sì fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ó ti tán."

Ìyá Àgbà wo ìkòkò. Wọ́n wo gbogbo ìlú tó ń jẹun, wọ́n wo bàbá mi tó ń fa eegun mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì mí kanlẹ̀.

"Ká ní mo mọ̀ ni," wọ́n ní, "ǹ bá jẹ àjẹyó ná kí n tó jẹ́wọ́."